Ọ̀nà Tí Ohùn Ń Gbà Nínú Síńtẹ́sáísà Àfọwọ́kàn

  Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà nídìí ààrò, ọbẹ̀ yóò dùn. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ọ̀nà yóò là fún yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ra yín, tí ẹ kó wáyà àti bátìrì àti páńẹ́lì rédíò àlòkù sórí tábìlì, ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá lónìí. Mo sì bá àwọn òbí yín wá pẹ̀lú, àwọn tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé kí ni ọmọ yìí ń ṣe nínú yàrá tí ó ń dún fíì, tí ó ń dún kùù, tí ó sì ń dákẹ́ lójijì.

Síńtẹ́sáísà ni ọmọ náà ń kàn. Ohun èlò orin ni síńtẹ́sáísà, ṣùgbọ́n kò ní awọ tí a ń lù, kò ní okùn tí a ń ta, kò sì ní ihò tí a ń fọn. Iná mànàmáná ni ó ní: iná mànàmáná, aláìlẹ́sẹ̀ tí ń rin ìrìn-àjò, aláìlápá tí ń gbé ẹrù, a-sọ-òru-di-ọ̀sán, tí ọgbọ́n ọmọ ènìyàn mú wọ inú páálí kékeré kan, tí ó kọ́ ọ ní ohùn, tí ó sì di akọrin. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ rí? Ẹ ti gbọ́ ọ. Bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ mọ ohùn rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ nínú àwo orin Synchro System tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1983, níbi tí òun àti gángan àti jìtá ti jọ ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ọ nínú orin William Onyeabor ará Enugu, ẹni tí ó fi irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe àwo lẹ́yìn àwo láti 1977 títí di 1985.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò pọ̀. N ó sọ ọ́, n ó sì tún un sọ, kí ẹni tí ó bá pẹ́ dé lè bá a. Òun náà nìyí: ohùn ní ọ̀nà tí ó ń gbà. Nínú ẹ̀rọ tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, iná wọlé níbì kan, ó gba ibi mélòó kan kọjá, ó di ohùn, ó sì jáde. Bí ẹ̀rọ náà bá yadi, ọ̀nà ni ó dí. Ẹ tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má fo ibì kankan, ẹ ó bá ibi tí ó dí. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kì í ṣe orí burúkú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ga ju ẹni tí ń ṣe é lọ. Àwọn baba wa ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ̀rọ kì í ṣàdédé dákẹ́.

Níbo ni nǹkan yìí ti ṣẹ̀ wá? Ní nǹkan bí 1920, ará Rọ́ṣíà kan tí ń jẹ́ Lev Theremin ṣe ohun èlò kan tí ẹni tí ń lò ó kì í fi ọwọ́ kàn rárá. Irin méjì ni ó yọ lára rẹ̀. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá sún mọ́ ọ̀kan, ohùn a gòkè. Bí ọwọ́ òsì bá sún mọ́ èkejì, ohùn a rọlẹ̀, a di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Theremin ni ayé ń pè é, wọ́n fi orúkọ ẹni tí ó ṣe é sọ ọ́. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n bí Robert Moog ní New York ní 1934. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná tí ó ní ibi iṣẹ́ ní abẹ́ ilé, ibẹ̀ ni ọmọ náà sì ti ń kan theremin nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún. Ẹ̀yin òbí, ṣé ẹ gbọ́? Abẹ́ ilé bàbá rẹ̀ ni. Kò dúró de ilé-iṣẹ́ ńlá kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń ta theremin fún ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí wọ́n ti kàn tán, ó sì ń di ẹ̀yà rẹ̀ sínú páálí fún ẹni tí ó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ kàn án. Ní 1964, òun àti olórin kan tí ń jẹ́ Herbert Deutsch jókòó ti iṣẹ́ ní ìlú kékeré Trumansburg, ní ìpínlẹ̀ New York, síńtẹ́sáísà tí a mọ orúkọ Moog mọ́ sì ti ibẹ̀ jáde. Láàárín ìgbà kan náà, Don Buchla ń kan tirẹ̀ ní California, òun kò sì fẹ́ kí bọ́tìnnì dùùrù jẹ́ ọ̀gá lórí ẹ̀rọ náà. Àwo irin tí ènìyàn ń fi ìka kàn ni ó fi rọ́pò rẹ̀.

Kí ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí rí tí àwọn tí ó ṣáájú wọn kò lò tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n rí i pé iná lè máa pàṣẹ fún iná. Ẹ wo onídùndún, ọmọ Àyàn, ẹni tí ń fi igi àti awọ pe ọba ní oríkì tí ọba fi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí ó bá fún ọsán mọ́ ìhà, awọ a le, ohùn a gòkè. Bí ó bá dẹ ọwọ́, awọ a rọ̀, ohùn a wálẹ̀. Kọ̀ǹgọ́ ni ó ń lu ìlù, ṣùgbọ́n ọsán ni ó ń sọ̀rọ̀. Nínú síńtẹ́sáísà, fọ́ltì ni ọsán. Nínú irú èyí tí Moog ṣe, bí fọ́ltì bá fi ẹyọ kan lé, dò ìsàlẹ̀ a di dò òkè. Bí ó bá tún fi ẹyọ kan lé, a tún gòkè bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni fọ́ltì náà ń yọ́ gòkè, díẹ̀díẹ̀ náà ni ohùn yóò máa yọ́ gòkè, láìfò, láìgé, bí ọmọ Yorùbá ti ń yọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi díẹ̀. Ẹnìkan lè bi mí pé: kí ló dé tí n kò fi lọ sí ọjà kí n ra kíbọ́ọ̀dù tí ó ti parí, tí ó ní fèrè, tí ó ní gòjé, tí ó tún ní ìlù? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, n kò sì sọ pé kí ẹ má rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kan kíbọ́ọ̀dù ọjà ti pín ohùn sí ọ̀nà méjìlá kí ó tó dé ọwọ́ yín. Láti orí bọ́tìnnì kan, ohùn a fò sí èkejì. Kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni a fi ń fà á díẹ̀. Èdè wa kì í fò bẹ́ẹ̀, ìlù wa kì í sì í fò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kan ohun èlò tirẹ̀ ni ó ń pinnu bí ohùn yóò ṣe máa rìn. Èyí ni ó mú kí iṣẹ́ yìí wọ̀ mí lọ́kàn. Bí àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà sí etí dùndún bá mọ bí a ti ń kan síńtẹ́sáísà, ohùn tí ayé kò tíì gbọ́ yóò ti ọwọ́ wọn jáde, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ó dára. Báwo ni a ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá tí ó ní ogójì kókó tí a ń yí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú áísíì kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n kọ 40106 sí lára. Kò wọ́n, ó sì wà ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà rédíò. Ẹsẹ̀ 14 ni ó ní. Bí ẹ bá kọ ojú ibi tí wọ́n gé díẹ̀ lórí rẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ 1 ni ó wà lókè ní apá òsì yín. Ẹ ó máa kà á lọ sísàlẹ̀ dé 7, ẹ ó sì fi apá ọ̀tún kà á gòkè láti 8 dé 14. Bátìrì fọ́ltì 9 ni a ó lò. Pọ́sítíìfù rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ 14, nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ 7. Ẹ fi kapásítọ̀ kékeré kan, èyí tí wọ́n kọ 104 sí, so ẹsẹ̀ 1 mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ wá fi kókó ayíwọ̀n 100K so ẹsẹ̀ 1 mọ́ ẹsẹ̀ 2, kí ẹ sì fi rẹsístọ̀ 10K kan ṣe ìkejì kókó náà lójú ọ̀nà kan náà, kí ó má baà sí ìgbà tí ẹ óò yí kókó dé òpin tí ẹsẹ̀ méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Ẹsẹ̀ àbáwọlé márùn-ún tí a kò lò, ìyẹn 3, 5, 9, 11 àti 13, ẹ so gbogbo wọn mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù kí wọ́n má baà máa gbá afẹ́fẹ́ kiri.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀? Iná ń wọ inú kapásítọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kún dé ibì kan; áísíì a yí padà, a bẹ̀rẹ̀ sí tú iná náà dànù; bí ó bá ti tú dé ibì kan, a tún yí padà, a tún bẹ̀rẹ̀ sí rọ ọ́. Kíkún àti títú náà, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ni ohùn. Bí kapásítọ̀ bá tóbi, yóò pẹ́ kí ó tó kún, ohùn a sì wálẹ̀. Bí ẹ bá yí kókó kí iná lè yára kọjá, ohùn a gòkè. Láti ẹsẹ̀ 2 ni ohùn ti ń jáde. Ó le púpọ̀, ó ju ohun tí ampilifáyà ń retí lọ. Nítorí náà, kí ó tó dé jáàkì tí kébù ampilifáyà ń wọ̀, ẹ jẹ́ kí ó gba inú kapásítọ̀ kan àti rẹsístọ̀ ńlá kan kọjá kí ara rẹ̀ lè rọ̀, kí etí yín àti sípíkà yín lè wà láàyè.

Bí èyí bá ti ń dún, ẹ yọ kókó ayíwọ̀n náà kúrò, kí ẹ fi rẹsístọ̀ tí ń rí ìmọ́lẹ̀ sí ipò rẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú gílóòbù ìta tí ń tàn fúnra rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ tan iná yàrá. Ẹ gbé ọwọ́ sókè rẹ̀. Bí òjìji bá bọ́ sí i, ohùn a wálẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò, ohùn a gòkè. Ẹ fi òjìji ọwọ́ yín pe Adébáyọ̀: re, mí, mí, dò. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó rí i pé ẹ̀rọ tí kò ní bọ́tìnnì kan ṣoṣo ti ń pe ènìyàn ní orúkọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀ o. Síńtẹ́sáísà àfọwọ́kàn ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tí mo sì ń sọ ni pé ohùn ní ọ̀nà tí ó ń gbà, àti pé ẹni tí ó bá tọ ọ̀nà náà yóò bá ibi tí ó dí.

Wàyí o, ẹ ti to ẹ̀rọ náà tán. Ẹ fi bátìrì sí i. Ẹ tẹ́tí. Kò dún. Kí ni ẹ ó ṣe? Níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé yìí, irin tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré gbé, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo rẹ̀ jó láti òkè dé ilẹ̀, títí àìsàn kan yóò fi di mẹ́ta. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí kò sí nínú ẹ̀rọ náà rárá. Ṣé kébù tí ó lọ sí ampilifáyà dára? Ẹ fi í sí ara fóònù tàbí rédíò kan tí ẹ mọ̀ pé ó ń dún. Ṣé ampilifáyà náà wà ní títàn? Ṣé ohùn rẹ̀ kò sí ní òdo? Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ni ó máa ń wà. Kébù tí wáyà inú rẹ̀ ti já ti mú kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀ jìyà.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó tó gbé mítà. Ibo ni ẹ ó kọ́kọ́ fi í wọ̀n? Ibi tí iná ti wọlé. Ẹ fi ẹnu mítà dúdú sí ẹsẹ̀ 7 áísíì, ẹ fi pupa sí ẹsẹ̀ 14. Ara ẹsẹ̀ áísíì gan-an ni mo wí o, kì í ṣe ara bátìrì. Nítorí bátìrì lè ní fọ́ltì 9 kí ìdajì rẹ̀ má sì dé ibi tí a rán an sí. Bí mítà bá ka nǹkan bí 9, iná dé, ẹ máa bá ọ̀nà lọ. Bí kò bá ka nǹkankan, ẹ padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: láti ẹsẹ̀ áísíì sí wáyà, láti wáyà sí ibi tí a ti ń tàn án, láti ibẹ̀ sí bátìrì. Ibi tí iná wà gbẹ̀yìn àti ibi tí kò sí mọ́, àárín méjèèjì ni ìdíwọ́ wà. Bí ẹ bá fi ìka kan áísíì tí ó sì gbóná, kí ẹ yọ bátìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kọ ojú rẹ̀ sódì, tàbí kí ibì kan ti pàdé ibi tí kò yẹ kí ó pàdé.

Iná dé, síbẹ̀ kò dún. Ẹ lo ojú yín. Ẹ yí páńẹ́lì náà sẹ́yìn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ mú awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, kí ẹ sì wo ojú lẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Ojú lẹ́ẹ̀dì tí ó jóná dáadáa máa ń dán, ó sì máa ń tẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ àti páńẹ́lì pọ̀. Èyí tí kò jóná máa ń ṣe kókó bíríbírí, ó lé sórí páńẹ́lì láìdi í mú. Ó dà bí ẹni pé ó dì í mú, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ohun tí ó sì ń fa èyí ni pé wọ́n yọ́ lẹ́ẹ̀dì sórí irin gbígbóná, wọ́n wá kán an sórí ẹsẹ̀ tí ó tutù. Irin ni kí ó kọ́kọ́ mú ẹsẹ̀ àti páńẹ́lì méjèèjì gbóná pa pọ̀, kí ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì kan ibẹ̀; fúnra rẹ̀ ni yóò ṣàn wọlé. Ẹ tún wò bóyá lẹ́ẹ̀dì kan ti ṣe afárá láàárín ẹsẹ̀ méjì. Ẹ wo kapásítọ̀ onígò tí ó ní ìlà ní ẹ̀gbẹ́: ìlà náà ni nẹ́gẹ́tíìfù, ẹni tí ó bá kọ ọ́ sódì ń wá ìbúgbàù.

Ojú kò rí nǹkankan, àbí? Ẹ̀yin ará mi, gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Rẹsístọ̀ tí ó ti kú àti èyí tí ó wà láàyè, àwọ̀ kan náà ni wọ́n wọ̀. Áísíì ayédèrú wà lọ́jà pẹ̀lú. Wọn a nu orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ nù, wọn a sì kọ òmíràn lé e. Etí ni ó kù tí yóò ṣe ìdájọ́. Ẹ mú ampilifáyà kékeré kan. Ẹ so nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù ẹ̀rọ yín. Ẹ so kapásítọ̀ 104 kan mọ́ ẹnu wáyà rẹ̀ kejì, kí ohùn nìkan lè kọjá kí iná bátìrì má sì bá a wọlé. Ẹ fi ẹnu kapásítọ̀ náà kan ẹsẹ̀ 2. Ẹ gbọ́ nǹkan? Bí ẹ bá gbọ́, áísíì ń kọrin, ìdíwọ́ wà níwájú. Ẹ kan ẹ̀yìn kapásítọ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ẹ kan ẹ̀yìn rẹsístọ̀. Ẹ kan jáàkì. Lójijì, ẹ ó dé ibì kan tí ohùn kò ti sí mọ́, inú yín yóò sì dùn ju ti ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ dún láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí ẹ ti mọ inú rẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ràn ohun èlò yìí ju mítà olówó gọbọi lọ. Wáyà kan, kapásítọ̀ kan, ampilifáyà àlòkù kan: òun ni ó ń kọ́ni ní ọ̀nà tí ohùn ń gbà.

Bí ẹ bá sì fẹ́ yí nǹkan padà, ẹ yí ẹyọ kan, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ tó yí òmíràn. Ẹ kọ ohun tí ẹ yí sínú ìwé. Ẹni tí ó bá yí nǹkan mẹ́ta pa pọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì dún, kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn. Áísíì ní tirẹ̀, ẹ máa fi sọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e dúró, kí ẹ lè fa ọ̀kan yọ kí ẹ fi òmíràn sí i láìjó lẹ́ẹ̀dì. Nígbà ọyẹ́, tí ara gbẹ tí aṣọ ń ta iná, ẹ fi ọwọ́ kan irin tí ó wọ ilẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan áísíì yìí, nítorí iná kékeré tí ń ta lára aṣọ tó láti pa á.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ẹni tí ń gba ohùn sílẹ̀ nínú ilé mọ̀. Ẹ̀rọ dún, ṣùgbọ́n kùùù kan wà lábẹ́ ohùn rẹ̀ tí kò lọ. Níbo ni kùùù náà ti ń wá? Iná ìjọba ní ilẹ̀ wa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó bá sì rí àyè wọ inú ẹ̀rọ orin, kùùù náà ni ẹ óò máa gbọ́. Ẹ ṣe ìdánwò kan: ẹ yọ iná ògiri, ẹ fi bátìrì sí ẹ̀rọ náà. Bí kùùù bá dákẹ́, ẹ̀bi wà lọ́wọ́ ohun tí ń pèsè iná. Ó lè jẹ́ ṣájà fóònù tí wọ́n fi rọ́pò bátìrì, èyí tí ó tún máa ń dún wíín bí ẹ̀fọn. Ó lè jẹ́ ínfátà tí iná rẹ̀ kò dán. Ó lè jẹ́ jẹnẹrétọ̀. Bí kùùù kò bá dákẹ́, ẹ wo kébù yín: ṣé wáyà tí ó hun yí i ká ṣì so mọ́ ìdí jáàkì? Bí kọ̀ǹpútà àti ampilifáyà bá ń gba iná láti ògiri méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kó wọn pọ̀ sí ojú iná kan ṣoṣo. Nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹ fi kapásítọ̀ 104 kan sí ìdí áísíì kọ̀ọ̀kan, láàárín pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀, kí ó súnmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ọ̀pọ̀ ni kì í fi í sí i nítorí pé ẹ̀rọ dún láìsí i. Ó dún ni o, ṣùgbọ́n nígbà tí áísíì bá di mẹ́rin, márùn-ún, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀ ara wọn.

Ooru náà ń kọ́? Ẹni tí ó bá ti kúrò ní orí 40106, tí ó ti ń kan irú èyí tí fọ́ltì ń darí, yóò rí i pé ẹ̀rọ tí ó yí ohùn rẹ̀ dọ́gba ní òwúrọ̀ ti yà kúrò lójú ohùn ní ọ̀sán. Tiransístọ̀ tí ó ń sọ fọ́ltì di ohùn ni ooru ń dà láàmú. Ẹ̀rọ Moog ìgbà ìṣáájú pàápàá ń yà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń wá tiransístọ̀ méjì tí ìwà wọn dọ́gba, wọ́n ń lẹ̀ wọ́n mọ́ra kí ooru kan náà lè máa bá àwọn méjèèjì, wọn a sì fi rẹsístọ̀ kan tí ó mọ ooru sí ẹ̀gbẹ́ wọn láti máa ṣe àtúnṣe. Kí ẹ tó yí ohùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ti wà ní títàn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, kí ẹ má sì jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí i tààrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tan rédíò nísinsin yìí, ọ̀nà tí ohùn ń gbà ni à ń tọ̀. Láti bátìrì dé áísíì, láti áísíì dé jáàkì, ẹ má fo ibì kankan.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣí fèrèsé yàrá náà fún ọmọ, nítorí èéfín lẹ́ẹ̀dì kò dára fún àyà. Kí ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó jẹun. Bátìrì ni kí ó máa lò. Kí ó má ṣí ìdí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n tí ń gba iná láti ògiri, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ti yọ pílọ́ọ̀gì rẹ̀, nítorí kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná mú síbẹ̀, iná náà sì lè pa ènìyàn. Bí ẹ bá mọ ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò yín, ẹ mú ọmọ náà lọ bá a ní ọjọ́ tí kò sí ilé-ìwé. Ohun tí alàgbà náà mọ̀ nípa títọ ọ̀nà ohùn nínú rédíò, òun gan-an ni ọmọ yìí ń wá, iye àwọn alàgbà bẹ́ẹ̀ sì ń dínkù ní ọjà wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Elédùmarè bá dá ẹ̀mí wa sí, asẹ́ ohùn ni a ó kàn, èyí tí ń sẹ́ ohùn líle kí ó lè rọ̀. Ẹ wá áísíì TL072 kan sílẹ̀, bátìrì fọ́ltì 9 méjì, àti kapásítọ̀ 104 mélòó kan sí i. Ẹ fi ẹ̀rọ oní-40106 yín sí tòsí, nítorí ohùn tirẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ dà sínú asẹ́ náà. Ó dàbọ̀ o.